Àbúrò mi ń po kẹ́míkà níbi iṣẹ́, wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin jáde ní pólì, SLT (ìmọ̀ iṣẹ́ láàbù) ló kà, ó jókòó sílé tipẹ́ kó tó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ olómi, izal, haipo àti èyí tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, apá Gáà Àkàǹbí ní Ìlọrin níbí. Ọjọ́ tó débẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé igi ìpo lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Tiréníìnì kankan ò sí. Yàrá kan ni wọ́n ti ń po gbogbo ẹ̀, igi kan náà, báàfù kan náà, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wọ́n ti to páálí dí i. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé kẹ́ẹ̀gì òróró yẹ́lò yẹn ni wọ́n ń da ásíìdì sí, wọn ò kọ nǹkan kan sára ẹ̀, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní òórùn làwọn fi ń mọ̀ ọ́n. Ní òórùn o! Ó ti ń wúkọ́ lóru báyìí, ojú sì ń ta á. Mo ní kó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó ní Àlàájà tó ni ibẹ̀ ẹbí ọkọ mi ni, tóun bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní òun ń fi ìwé tóun kà ṣakọ sáwọn. Kí ló yẹ kó mọ̀ gan-an, báwo la sì ṣe máa sọ ọ́ tí ò ní dìjà?

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣì ń bọ̀, ikọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ mú un lọ ọsibítù láàárọ̀ ọ̀la, kó sì sọ fún dókítà pé kẹ́míkà lòun ń pò, kó dárúkọ gbogbo ohun tó bá mọ̀ níbẹ̀, torí tó bá kàn ní ikọ́ ń ṣe òun, oògùn ikọ́ ni wọ́n á fún un táá máa bọ̀ nílé. Gáàsì míì wà tó jẹ́ pé èèyàn á fà á símú ní ọ̀sán, ara ẹ̀ á dá ṣáṣá, ìgbà tó bá dòru ni èémí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há a, nítorí omi tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò lè mí dáadáa ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ o, ẹ gbé e lóru náà.

Ọmọ Gbogbo Èèyàn: Kó fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ jàre. Ẹ̀mí làkọ́kọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ọjà Ọba: @Ọmọ Gbogbo Èèyàn ẹ̀yin náà ẹ rọra, níbo niṣẹ́ wà tí wọ́n fi ń sọ pé kó fi sílẹ̀? Èmi náà ń se ọṣẹ, iṣẹ́ ọ̀hún kì í pani téèyàn bá mọ ohun tó ń ṣe.

Bùròdá Láàbù Ọ̀fà: Mo ti ń bá àwọn ọmọ SLT ṣiṣẹ́ ní láàbù ó pẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ibi tọ́rọ̀ yìí wà. Igi kan náà, báàfù kan náà tẹ́ ẹ sọ yẹn, òun gan-an lọ̀tá. Haipo, tó bá ti pàdé ásíìdì, gáàsì kílórínì ló máa gbé jáde, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ásíìdì ló wà nínú ẹ̀. Tó bá tún pàdé amóníà, gáàsì míì nìyẹn tóun náà ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Torí náà kò dìgbà tẹ́nì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ pò ó pọ̀, báàfù tí wọ́n ò ṣàn dáadáa ti tó. Kílórínì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ́ sí, ẹni tó tẹ̀ ba sórí báàfù tó ń rò ó ló máa kọ́kọ́ fà á símú. Tó bá gbọ́ òórùn tó ń ta nímú lójijì kó jù ú sílẹ̀ kó jáde síta, síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó má sọ pé òun ń parí ti ọwọ́ òun. Ìbòmú tá a lò nígbà Kòrónà kò dá gáàsì dúró rárá, èyí tó ní kátíríìjì (ohun tó ń sẹ́ gáàsì) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló lè ṣe é.

Ìbọ̀wọ́ náà, kì í ṣe gbogbo ìbọ̀wọ́ ni ìbọ̀wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà, Karen Wetterhahn, májèlé inú irin gan-an ló ń kọ́ nípa ẹ̀. Lọ́dún 1996 ìwọ̀nba ẹ̀kán dimethylmercury, kẹ́míkà tí mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, ló kán sórí ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì tó wọ̀, ó gba inú ìbọ̀wọ́ yẹn kọjá wọ ara ẹ̀, ó sì pa á ní 1997. Ó wọ ìbọ̀wọ́ o, kì í ṣe pé kò wọ̀ ọ́. Kẹ́míkà tiyín kò le tó yẹn, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń lò kọ́ lẹ fi ń gbé kọ́stíìkì (sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ), èyí tó nípọn tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́ ni.

Bàbá Bátìrì Sángo: Iṣẹ́ tèmi ásíìdì ni láti àárọ̀ dalẹ́. Omi la máa ń kọ́kọ́ bù, ásíìdì làá wá rọra dà sínú omi. Ẹni tó bá da omi sórí ásíìdì, ásíìdì ọ̀hún á hó lójijì, á sì ta sí i lójú. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó máa fọwọ́ kan ásíìdì lọ́dọ̀ mi tí ò tíì lè tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún mi.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ọjà Ọba: Kọ́stíìkì náà bẹ́ẹ̀ ló rí o, omi tútù kọ́kọ́, kọ́stíìkì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ó máa ń gbóná tó lè yọ́ ike.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán: Mo tún padà wá. Tí kẹ́míkà bá ta sójú, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni kí wọ́n ki ojú bọ̀, kó la ojú sílẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n tó gbéra ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sí omi ọmú, kò gbọdọ̀ sí oyin. Tó bá ta sára, kí wọ́n bọ́ aṣọ, kí wọ́n máa bu omi sí i, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. Tẹ́nì kan bá ṣèèṣì gbé e mu nínú kẹ́ẹ̀gì òróró yẹn (ó sì lè ṣẹlẹ̀ dáadáa), ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì, torí ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun lọ sísàlẹ̀ á tún jó o bó ṣe ń padà bọ̀ lókè.

Ẹ̀gbọ́n Séfútì: Àwa tá à ń ṣe séfútì (ààbò òṣìṣẹ́) ní ilé iṣẹ́ ńlá, orúkọ kẹ́míkà la ti ń bẹ̀rẹ̀ tiréníìnì. Ẹni tí ò mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín dá lọ bá Àlàájà. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín lọ, ẹ má sì dárúkọ òfin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn ní ọkàn yín ò balẹ̀ pé ọmọ ilé lè lọ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn mu. Kò sí ìyá tí ò ní gbọ́ ìyẹn. Ẹ wá ní àbúrò yín á bá wọn fi máákà kọ orúkọ sára gbogbo kẹ́ẹ̀gì, á sì gbé àwọn páálí kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè SDS lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún wọn, ìwé tó ń ṣàlàyé ewu kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan, tó ní apá 16 ni, apá 4 sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá ta séèyàn lára, apá 8 sọ irú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Àbúrò yín kà SLT, òun ló yẹ kó máa kà á fáwọn yòókù ní Yorùbá. Ìyẹn kì í ṣe ìṣakọ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé Factories Act wa, òfin ilé iṣẹ́, sọ ọ́ kedere, wọn ò gbọdọ̀ fi ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sídìí ohun tó lè ṣe é léṣe láìsọ ewu ẹ̀ fún un, láìkọ́ ọ tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í. Òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010 náà wà, tí NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, ń bójú tó, ọ̀gá ló ń san owó ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lówó òṣìṣẹ́. Tí nǹkan bá ṣe é níbi iṣẹ́, ọjọ́ 14 ló ní láti fi sọ fún ọ̀gá. Ẹ tọ́jú ìwé ọsibítù yẹn.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀: Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín o. Mo ti pè é, ó ní òun ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ọsibítù là ń lọ. Bàbá Ìbejì náà ti gbọ́, ó ní tá a bá kírun Jímọ̀ tán a máa yà lọ́dọ̀ Àlàájà. Irú gọ́gù wo ni ká rà fún un tó máa fi bo ojú?

Bùròdá Láàbù Ọ̀fà: Kì í ṣe ti àwọn wẹ́dà o. Èyí tó lẹ̀ mọ́jú yíká ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò láàbù fáwọn ilé ìwé lẹ ti máa rí i. Kó gbé e wọ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tí ìka bá ti lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, ásíìdì náà á gbabẹ̀.