Aládùúgbò mi fẹ́ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi wa: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aládùúgbò mi ti kọ̀wé béèrè àṣẹ láti kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Igi ńlá kan wà létí ààlà, lọ́dọ̀ tiwa. Ìbú ara rẹ̀, níbi tó ga tó àyà èèyàn, tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Nínú àwòrán ilé tí mo rí, mítà 4 péré ni ìpìlẹ̀ fi jìnnà sí i.

Wọ́n ní àwọn ò ní gé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àáké nìkan ló ń pa igi. Ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ igi ń lò ni pé kí á sọ ìbú ara igi níbẹ̀ yẹn di ìlọ́po 12, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀ láàárín ìwọ̀n yẹn. Tiwa lé ní mítà 7. Gbòǹgbò tó ń fa omi kò jìnnà sójú ilẹ̀. Bí ọkọ̀ típà bá ń tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á le gbagidi, afẹ́fẹ́ àti omi ò ní ráyè wọlé, igi á wá máa kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn bíríkìlà ti lọ.

Kí ni kí n kọ sí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́? Ṣé mo lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé kí ọgbà yí igi ká kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé? Ta ni yóò sanwó onímọ̀ igi? Abẹ́ igi yìí làwọn ọmọ mi ti kọ́ ìrìn. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù tí mo lè fi sọ tẹnu mi.