Jíà distributor mi tún ti jẹ, ẹ̀ẹ̀kejì rèé: ẹ gbà mí o

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Houston ni mo wà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pick-up Chevrolet C10 mi ti ọdún 1979 ni mo gbé wá, ó ti sú mi pátápátá. Ẹ́ńjìnnì 350 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé e fún ọkùnrin kan kó tún un kó jọ, kó sì fi camshaft onírólà sí i (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, tí rólà ń yí lórí rẹ̀). Owó gidi ló gbà lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ló fi ọkọ̀ mi sínú òjò, kò fi tapólì bò ó, ìjókòó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ti bu. Ìyá àwọn ìbejì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà létí mọ́.

Kí n tó rin máìlì 2,000, jíà ìdí distributor (èyí tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì, camshaft ló sì ń yí i) ti jẹ. Mo ra òmíràn. Lánàá tí mo tún fà á yọ, eyín rẹ̀ ti mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Mo da ọ́ìlì sínú abọ́ funfun, ó ń dán yinrin bí ẹni da ìyẹ̀fun wúrà sí i. Mo pe ọkùnrin yẹn, kò gbé e. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sọ irú jíà tó jẹ́. Camshaft onírólà tí wọ́n gbẹ́ lára òdidi irin steel (billet) máa ń le gan-an. Tí ẹ bá fi jíà irin dídà (cast iron) tó sábà máa ń bá distributor wá sí i, lílọ̀ ni yóò máa lọ̀ ọ́. Àwọn camshaft kan wà tí wọ́n fi jíà irin rírọ̀ sí lẹ́yìn, ìyẹn ò ní wàhálà. Ẹ wo ìwé tó bá camshaft yín wá.

Àǹtí Dúpẹ́: Irú ẹ̀ ṣe wá rí. Mustang 5.0 ti 1989 ni tiwa. Distributor bàjẹ́, wọ́n bá wa fi ti ẹ́ńjìnnì Ford 302 àtijọ́ sí i. Láti 1985 ni Ford ti ń fi camshaft onírólà sí Mustang 5.0 yẹn, jíà steel ló sì ń fẹ́. Àwa ò mọ̀. Ojú títì I-45 ló kú sí pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, nínú oòrùn oṣù kẹjọ. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Alágbẹ̀dẹ: Ẹ ra jíà idẹ, ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá Ìbejì: Idẹ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí! Ti àkọ́kọ́ ló jẹ́ irin. Èmi ni mo ra distributor yẹn. Ọkùnrin náà ní kí n yí jíà rẹ̀ kí n tó lò ó, àmọ́ mo rò pé ó fẹ́ fi gba owó sí i ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Èyí tí ẹ rí nínú abọ́ yẹn kì í ṣe wúrà, idẹ ni. Jíà idẹ, òun ni yóò jẹ kí camshaft má baà jẹ. Ọkọ̀ eré ìje ló wà fún. Ti ọkọ̀ tí à ń gbé lọ síbi iṣẹ́, jíà melonized (tí wọ́n fi ooru àti kẹ́míkà mú ojú rẹ̀ le) tí GM tó ń ṣe Chevrolet ń lò ló dáa.

Alágbẹ̀dẹ: Àbúrò, idẹ ni mo lò lọ́dún mẹ́fà, kò jẹ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ọ̀gá, mi ò jiyàn, àmọ́ tiyín kò jẹ tán kí ó tó pé máìlì 2,000.

Màmá Gáréèjì: Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀rọ̀ òjò, ẹ sọ̀rọ̀ ìjókòó, ẹ ò sọ̀rọ̀ póm̀pù ọ́ìlì. Irú èwo ni? Ọ́ìlì wo lẹ ń dà sí i?

Bàbá Ìbejì: Póm̀pù high volume (tó ń ti ọ́ìlì púpọ̀) ni. 20W-50 ni mo ń dà sí i. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń rí ọ́ìlì mu dáadáa ló ń pẹ́.

Màmá Gáréèjì: Distributor ló ń yí póm̀pù yẹn. Gbogbo agbára tó fi ń ti ọ́ìlì tó ki láàárọ̀ tútù, orí eyín jíà kékeré yẹn ló ń gbà. Bí agbára ọ́ìlì bá ti jẹ́ 10 psi fún 1,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Àmọ́ póm̀pù nìkan kò lè jẹ ẹ́ kíá báyìí. Tí ẹ bá tan iná timing (èyí tí a fi ń wo ìgbà tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná) sí i, ṣé àmì ara wíìlì iwájú ẹ́ńjìnnì ń dúró?

Bàbá Ìbejì: Kì í dúró, ma. Ó ń sá síwá sẹ́yìn. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Màmá Gáréèjì: Rárá o. Kí ló wà níwájú camshaft?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má bínú, nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Nígbà tí ọkọ̀ délé, èmi fúnra mi pààrọ̀ ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, mo fi oní-chrome sí i. Kò fẹ́ dé, nǹkan bíi bọ́tìnnì yọ síta lórí camshaft. Mo tú u. Ó wà nínú agolo mílíìkì ní gáréèjì.

Màmá Gáréèjì: Ó dáa tí ẹ sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì 1979 kò ní àwo tó ń di camshaft mú níwájú, ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ti 350 onírólà. Camshaft àtijọ́, ojú àwọn kókó rẹ̀ tó ń ti fáàfù dagun díẹ̀, ìyẹn ló ń tì í sẹ́yìn. Ti onírólà tẹ́jú, kò sí ohun tó ń tì í. Bọ́tìnnì yẹn ló ń dá a dúró. Báyìí ó ń sún síwá sẹ́yìn, eyín jíà sì yí bí ọ̀já, nítorí náà bó bá ti sún, á yí distributor dà. Ìdí tí àmì yín ò fi dúró nìyẹn. Ẹ dá bọ́tìnnì padà, kí ó ní àyè 0.005 sí 0.010 ínṣì. Chrome fẹ́lẹ́ yẹn máa ń tẹ̀, ẹ lo ìdérí tó nípọn.

Àǹtí Dúpẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ ọkùnrin yẹn.

Bàbá Ìbejì (ọjọ́ kejì): Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbọ́. Mo ṣí ìdérí, mo fi síkúrú-dìráífà rọra ti camshaft, ojú lásán ni mo fi rí i tó ń sún. Ní inú chrome náà, ibi tó ti ń gbá a ti dán roboto bíi kọ́bọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò distributor: eyín camshaft fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń dán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí èékánná ń kọ́ lára rẹ̀. Mà, ṣé mo ṣì lè fi jíà melonized sí i báyìí, àbí kí n yọ camshaft?

Màmá Gáréèjì: Bí èékánná bá ti ń kọ́ ọ, ẹ yọ ọ́. Jíà tuntun kẹta ni yóò jẹ. Ẹ sì sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀, ẹ fọ ìyẹ̀fun idẹ yẹn kúrò kí ẹ tó ṣíná.