Ta ló ti jókòó ti páálí ìwé olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì rí? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Àkàndé Ẹ̀gbá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ ìwádìí kan ló gbé mi dé ìdí owó gbà-má-bìínú tí àwọn èèyàn dúdú ń bèèrè lórí òwò ẹrú, èyí tí MKO dìde sí nígbà ayé ẹ̀. Mo wá a dé Abẹ́òkúta, mo wá a dé Ìbàdàn. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti wá rí i, nínú ìwé tí Bernie Grant fi sílẹ̀. Ọmọ Guyana ni bàbá náà, òun ló ṣojú Tottenham nílé aṣòfin láti 1987 títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2000. Bishopsgate Institute ni ìwé ẹ̀ wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool Street. Páálí ni wọ́n máa ń gbé ka iwájú ẹni: lẹ́tà, ìwé ìpàdé, ìwé ìpolongo. Èyí tó dùn mí jù ni fáàsì. Ẹ rántí pépà fáàsì ayé ìgbà yẹn, tó máa ń dán, tó máa ń ká jọ fúnra ẹ̀? Ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ ti ń parẹ́. Mo ní láti gbé ọ̀kan súnmọ́ fèrèsé kí n tó rí i pé Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́.
Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wọ irú ibẹ̀, kí lẹ sì rí?

Jẹ́jẹ́ Layé
MKO wa yìí? Nínú páálí ará Tottenham? Àkàndé, ẹ má fi wá ṣeré.

Àkàndé Ẹ̀gbá
Mi ò ṣeré. Ní 1992, OAU, ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìgbà yẹn, gbé ìgbìmọ̀ àwọn èèkàn dìde lórí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bìínú yẹn. MKO ni alága. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí wà níbẹ̀, Miriam Makeba náà wà níbẹ̀. Oṣù kẹrin 1993, wọ́n pe ìpàdé ńlá sí Àbújá, Bernie Grant sì wá. Ọdún yẹn náà ló dá African Reparations Movement sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ka oṣù: oṣù kẹrin ni ti Àbújá, oṣù kẹfà ni June 12. Nígbà tó fi di 1994, alága ìgbìmọ̀ ti wà látìmọ́lé.

Pẹ́ńsùlù Nìkan
Ojú fèrèsé kẹ̀! Ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń pa irú fáàsì yẹn. Ibi iṣẹ́ mi, níbi tá a ti ń tọ́jú irú ìwé báyìí, ẹ̀dà la máa ń ṣe sórí pépà gidi kó tó parẹ́ tán. Àkàndé, ẹ fi oòrùn sílẹ̀ fún àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́.

Ìyá Tìmílẹ́yìn N17
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò wọ ibi tí wọ́n ń kó irú ìwé yìí sí rí. Tottenham ni wọ́n ti bí mi, lẹ́bàá West Green Road tí ẹ ti ń ra ẹ̀fọ́ yẹn. Mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí wọ́n fẹ́ dá bàbá mi padà sílé. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni, gbogbo yín mọ bó ṣe máa ń rí. Màámi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá fi mí jókòó sídìí tábìlì pé kí n kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mò ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí n fi kún un pé àwọn ń gbàdúrà fún un. Mo fi kún un. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ọkọ àwọn kì í mutí. Bàbá mi ń mutí o! Mo kọ ọ́. Èsì padà wá láti ọ́fíìsì Bernie Grant, pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú. Wọ́n wọ ìró àti bùbá tí wọ́n fi ṣe ìkómọ àbúrò mi lọ. Wọn ò sì dá bàbá mi padà mọ́. Mi ò sọ pé aṣòfin nìkan ló ṣe é, lọ́yà náà jẹ owó níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ Àkàndé yìí, àyà mi já. Àbí ìwé ọwọ́ mi wà nínú páálí níbì kan? Ta ló ń kà á?

Jẹ́jẹ́ Layé
«Ọkọ àwọn kì í mutí.» Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Táyé Peckham
Ìyá Tìmílẹ́yìn, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti sun ún tipẹ́. Ta ló máa tọ́jú lẹ́tà mẹ̀kúnnù?

Pẹ́ńsùlù Nìkan
Kò rí bẹ́ẹ̀, Táyé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe rèé. Lẹ́tà tí aráàlú kọ sí aṣòfin nípa wàhálà ara wọn, ọ̀tọ̀ la máa ń yà á sí. Àwọn aṣòfin kan á ti dà á nù kí páálí tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó bá dé, a máa ń tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òfin tó dáàbò bo àṣírí ẹni tó ṣì wà láyé. Ohun tí wọ́n ń gbé fún Àkàndé ni ti ìpolongo àti ti ẹgbẹ́. Ìyá Tìmílẹ́yìn, tó bá wà níbì kankan, kò sí àjèjì tó ń kà á.

Ìyá Tìmílẹ́yìn N17
Ẹ ṣé gan-an. Mo pe màámi. Wọ́n ní èsì tó wá nígbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò sì ní í fún mi.

Alhaja Sékínà
Wọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ yìí, fóònù lẹ máa fi yà á, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé WhatsApp.
Èmi rántí Bernie dáadáa. Òun ló wọ agbádá wọ ilé aṣòfin lọ́jọ́ tí ọbabìnrin wá ṣí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Alhaja, ẹ forí jì mí, kì í ṣe agbádá. Irú èyí táwọn ará òkè Gánà ń wọ ni.

Alhaja Sékínà
Ó fẹ̀ àbí kò fẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Ó fẹ̀, mà.

Alhaja Sékínà
Agbádá ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ n dáhùn ìbéèrè Àkàndé, ó jọ pé kò sẹ́ni tó dáhùn ún. Oxford ni mo lọ, láti wo ìwé Arthur Creech Jones, ará Labour tó ṣe mínísítà fún àwọn ìlú abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 sí 1950. Ìdí tí mo fi lọ ni pé ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot ní 1943, ìgbìmọ̀ tí Yunifásítì Ìbàdàn ti jáde ní 1948. Kí wọ́n tó fún mi ní káàdì Bodleian, ilé ìkàwé yunifásítì wọn, wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kà á sókè ketekete níwájú òṣìṣẹ́. Ìlérí ni. Mi ò ní ba ìwé jẹ́. Mi ò ní gbé iná wọlé. Mi ò ní dáná síbẹ̀!

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ ò rí i, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ń bọ̀ wá dín dòdò.

Pẹ́ńsùlù Nìkan
Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń mú ka ìlérí yẹn, kì í ṣe àwa nìkan. Ó ti pẹ́ gan-an.

Táyé Peckham
Owó lẹ ò sọ. Ní 1995, £12.5 mílíọ̀nù owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ni wọ́n fi ra ìwé Churchill. Owó ńlá! Èmi tí mò ń fi páùn kọ̀ọ̀kan ta lọ́tìrì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn, mo ti dá síbẹ̀. Kí wọ́n fún mi ní ojú ìwé kan.

Pẹ́ńsùlù Nìkan
Ariwo ta nígbà yẹn lóòótọ́. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni pé èyí tí èèyàn kọ nígbà tó wà nípò, ti ìjọba ni, kí ló dé tí ẹbí á tún tà á fún ìlú? Cambridge ni ìwé náà wà, Churchill Archives Centre. Ibẹ̀ náà ni ti Thatcher wà. Táyé, ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kà á, wọn ò gbowó.

Táyé Peckham
Kí n wọ ọkọ̀ ojúurin lọ Cambridge láti lọ ka Thatcher. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ọlọ́pẹ
Ẹ̀yin ń jà lórí ti Churchill. Bàbá mi àgbà ṣe kánsẹ́lọ̀ lábẹ́ Action Group. Ìgbà tá a sin wọ́n tán, àbúrò bàbá mi kan palẹ̀ yàrá mọ́, ó kó ìwé wọn fún alákàrà. Mo ra àkàrà lówùúrọ̀, mo tú u, mo rí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, òǹtẹ̀ igi ọ̀pẹ lórí ẹ̀, òróró ti mu ún dé ìdajì. Mo sáré padà lọ bá ìyá náà. Wọ́n ní kí n ra èyí tó kù pẹ̀lú àkàrà inú ẹ̀.

Alhaja Sékínà
Ẹ rà á?

Ọmọ Ọlọ́pẹ
Mo rà á. Gbogbo àdúgbò jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà. Ìwé díẹ̀ ni mo rí gbà.

Jẹ́jẹ́ Layé
Àbúrò bàbá yín yẹn, ẹ ṣì ń kí wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Kì í ṣe ibi gbogbo nílé ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ìwé Herbert Macaulay wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ti Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Àkàndé Ẹ̀gbá
Òótọ́ ni. Mo gbàgbé láti sọ ti Glasgow. Oṣù kejìlá 1996, Bernie Grant kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, ó ń bá Ọba Ìbíní bèèrè pé kí wọ́n dá àwọn ère tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní Ìbíní ní 1897 padà. Wọ́n fèsì ní oṣù kìíní 1997 pé rárá. Ní 2022 ni Glasgow tó gbà láti dá a padà, Bernie ti kú tipẹ́.

Táyé Peckham
Ti Ìbíní nìyẹn. Kí ló kan Yorùbá níbẹ̀?

Alhaja Sékínà
Táyé, kí ni wọ́n fi kọ́ ẹ ní ilé ìwé? Ọmọ ta ni Ọ̀rànmíyàn?

Táyé Peckham
Alhaja, kí àwọn ará Ìbíní má lọ kà á, ẹ̀yà ìtàn tiwọn yàtọ̀ o. Ẹ jẹ́ á sùn lónìí.

Ọmọ Ọlọ́pẹ
Àkàndé, mo ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀. Ní Bishopsgate yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi fóònù ya ìwé?

Àkàndé Ẹ̀gbá
Èmi yà á. Ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó yà á, kẹ́ ẹ sì pa iná fóònù. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kẹ́ ẹ sọ páálí tẹ́ ẹ fẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ mú dání.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ọmọ Ọlọ́pẹ, ẹ má gbé àkàrà wọlé síbẹ̀ o.