Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ dá kọ́ èdè Jámánì lórí fóònù

ÌyàwóBàsírì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Adó. Ibo ni mo ti lè kọ́ èdè Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Kíákíá ni, ẹ jọ̀ọ́. Owó ò sí lọ́wọ́.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Nicos Weg, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Deutsche Welle, ilé iṣẹ́ ìròyìn Jámánì. Ọ̀fẹ́ ni, láti A1, ìpele ìbẹ̀rẹ̀, dé B1, ìpele àárín. Ìtàn Nico tó dé Jámánì tí báàgì rẹ̀ sọnù ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ẹ gbà á sórí fóònù lóru tí dátà bá dínwó.

TíṣàÒkèṣà: Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp o! Ẹnì kan lóun máa kọ́ àbúrò mi dé B2, ìpele tó tẹ̀ lé B1. Ó gbowó tán, fáìlì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́, ló bá yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Owó àkàrà tí ọmọ yẹn ń tù jọ ni!

AraÌjerò: Háà! Wọ́n ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà bẹ́ẹ̀. Ta ni onítọ̀hún?

TíṣàÒkèṣà: Mi ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra.

Ọ̀yẹ́Lókè: Gbogbo olùkọ́ kọ́ lolè. Èmi ń kọ́ni. Ìró ü àti ö ò sí lédè wa; ẹni tó ń dá kọ́ ọ, ta ni yóò tún ẹnu rẹ̀ ṣe?

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Kó máa gbọ́ ọ, kó máa tún un pè, kó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Áàpù Duolingo nìkan kò lè gbé e débì kan.

Ọ̀yẹ́Lókè: Duolingo ló mú kí èmi há der, die, das tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ sórí!

Ìkọ̀léNiMí: Faransé ni kí wọ́n kọ́ jàre. Kútọnu ò jìnnà, abúlé èdè Faransé sì wà ní Àgbádárìgì.

Nọ́ọ̀sìAdó: Jámánì ni wọ́n béèrè. Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? B2 ni wọ́n sábà ń bi àwa nọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ pé ọkọ yín lẹ fẹ́ lọ bá, ìdánwò A1 ni: gbígbọ́, kíkà, kíkọ, sísọ. Tí ẹ bá gba 60 nínú 100 ní ti Goethe, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì tó ń ṣe ìdánwò náà, ẹ ti yege.

ÌyàwóBàsírì: A1 ni, ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣé gan-an. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gbé Jámánì rí, wọ́n ní kí n máa wá sílé àwọn lálaalẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni n ó lọ. Mi ò lè máa dá jókòó ti fóònù.

TíṣàÒkèṣà: Ṣé wọn ò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó?