Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ kékeré ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ilé-ìwé, kí lojú yín ti rí?

Tíṣà praimárì kẹta, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti Iléyá ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kó jáde lónìí kí n lè gbọ́ tiyín.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú wa níbí. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án ni wọ́n. Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí nawọ́, kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà wá nawọ́, àwọn kan á nà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì purọ́. Bàbá ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ń lọ ilé kéwú nírọ̀lẹ́, ó sì tún mọ gbogbo orin ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi lórí. Tí ọjọ́ kẹta Iléyá bá pé, gbogbo ilé á wọ aṣọ régbérégbé, ìyẹn aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, lọ àjọ̀dún Ojúde Ọba, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì ní ẹ̀sìn tó ń ṣe. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ nìyẹn.

Ábúráhámù àti Ísáákì ló kàn lọ́sẹ̀ náà. Ìgbọràn ni kókó ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Eré ni mo máa ń fi kọ́ wọn, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í gbàgbé ohun tó bá fi ara rẹ̀ ṣe. Rúlà onígi ni a fi ṣe ọ̀bẹ. Ọmọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sórí dẹ́sìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé rúlà sókè. Mo ti fi ọmọbìnrin kan ṣe áńgẹ́lì sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó pariwo pé "Dúró!", gbogbo kíláàsì hó yèè. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀kọ́ náà yọrí.

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀, ìyá ọmọ kan wá bá mi. Ọmọ náà kọ́ ló ṣe Ísáákì. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ Ajé, kò jẹun alẹ́ mọ́, àgbò Iléyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé gbogbo oúnjẹ fún ní ẹ̀yìnkùlé. Ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé, ó gbé e síwájú àgbò, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ ẹ́. Lóru, á dìde lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi í bóyá àánú àgbò ló ń ṣe é. Ó mirí pé rárá. Ó pẹ́ kó tó lanu.

"Ma, tí àgbò wa bá kú kí Iléyá tó dé ńkọ́?"

"Dádì á ra òmíràn."

"Dádì ní owó ti tán."

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo ní ìtàn àtijọ́ ni mo sọ, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èsì tó fún mi kò kúrò létí mi dòní:

"Áàfáà wa ní Ìsímáílà ni. Ẹ̀yin ní Ísáákì ni. Ọmọ méjì ni wọ́n ti fẹ́ pa."

Ẹ gbọ́ mi o. Jẹ́nẹ́sísì orí 22 ní Ísáákì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí ní Ìsímáílà ni. Àwa àgbà lè jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ká máa jiyàn. Ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àgbà méjì tó gbẹ́kẹ̀ lé ló sọ̀rọ̀, ó gba àwọn méjèèjì gbọ́, ó sì fi ọ̀kan kún èkejì.

Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ò fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ kankan, pé ìdí nìyẹn tó fi pèsè àgbò. Ó wò mí. Ó ní, "Kí ló dé tó kọ́kọ́ ní kó pa á?" Mo ti ń kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélógún. Mi ò rí èsì kankan tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ kó sì lọ sùn.

Bàbá rẹ̀ ló yọ mí. Bíríkìlà ni. Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó gbé ọmọ náà lé itan níwájú mi, ó ní: "Tí àgbò yẹn bá kú lónìí, ẹja la máa fi ṣe Iléyá, o gbọ́? Èmi ni bàbá ẹ." Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ sínú láti ọjọ́ Ajé.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìlànà ẹ̀kọ́ ní kí n kọ́ ọ, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá kan, Ìpẹru Rẹ́mọ

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ ọ́ síta.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni mo wọ ilé-ìwé. Àwa ni ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ kọ́kọ́ kó wọlé. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ni ilé-ìwé tiwa. Kò sí eré ṣíṣe, kò sí ìbéèrè. Kátíkísìmù la máa ń kà sókè bí orin: tíṣà á béèrè, gbogbo wa á dáhùn papọ̀. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú Òfin Mẹ́wàá, ẹgba. Mo jẹ ẹgba lórí "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè", èmi tí n kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó. Tíṣà fún un ní orúkọ Bíbélì, òun ni wọ́n sì kọ sínú ìwé orúkọ. Ilé rẹ̀ ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń kọjá lọ́jà, tíṣà pe orúkọ náà níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ọmọ sì dáhùn "Sà!" Bàbá náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo ṣì ń rí ojú yẹn. Kò yọ ọmọ náà kúrò, torí kò sí ilé-ìwé mìíràn nítòsí. Ìbẹ̀rù irú nǹkan báyìí ló ti mú kí àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìyí ẹ̀sìn padà.

Ìwé àti ìrìbọmi jọ wọ ilẹ̀ wa ni. Kí ogun Ìmágbọn ti 1892, tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, tó ṣẹlẹ̀, Ìjẹ̀bú ò gba oníwàásù òyìnbó láyè láti tẹ̀dó. Lẹ́yìn ogun náà ni ọ̀nà là, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé sì ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, ó di dandan kó bá èkejì pàdé.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, tí mo dùbúlẹ̀ lóru tí oorun ò kùn mí, Sáàmù kẹtàlélógún tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi ló wá sí mi lẹ́nu, láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo dúpẹ́ fún Sáàmù náà. N kò mọ bí n ó ṣe ya ẹgba kúrò lára rẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bàbá, ẹ kú ìrántí o.

Mùsùlùmí ni mí. Ọmọbìnrin mi wà ní ìwé kejì nígbà tó dijú ṣáájú oúnjẹ alẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run". Bàbá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo lọ bá hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì, mi ò bá ìjà lọ. Mo mọ̀ pé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, sọ pé a ò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Wọ́n gbà, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ mí. Ó yẹ kó máa lọ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù lásìkò náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì rán òmíràn wá. Bó ṣe di pé ọmọ mi ń lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn, òun nìkan, títí wọ́n á fi ṣe tán.

Lọ́sẹ̀ kẹta ó bi mí: "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Ó dùn mí dé egungun. Mo ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ mi, ohun tí ọmọ rí nínú ẹ̀tọ́ náà ni ìyà. Mo padà lọ bá tíṣà rẹ̀, a jọ jókòó. Mo ní kó jẹ́ kó wọlé máa gbọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ní kó gba àdúrà tí kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin yẹn ṣe ohun tí mi ò retí. Tó bá sọ ìtàn Nóà tán, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ilé kéwú, kí lẹ ń pè é níbẹ̀?" Ọmọ mi á nawọ́: "Ànábì Núhù!" Jósẹ́fù, Yúsúfù. Mósè, Mùsá. Ó ń ti ilé-ìwé dé tó ń fò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dé orí àgbélébùú, tíṣà náà ránṣẹ́ sí mi pé a ti ń dé oríta, kí n mọ̀. Kò sí ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni fún mi lọ́dún náà tó tó ìránṣẹ́ yẹn. Mo jókòó ti ọmọ mi lálẹ́, mo sọ ohun tí àwa gbà gbọ́ nípa Ànábì Ísá fún un, mo sì sọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà gbọ́. Ó gbọ́ ọ yé.

Olùkọ́ nọ́sìrì àti ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, tèmi burú ju tiyín lọ.

Mo ya ọ̀run àpáàdì sórí pátákó. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya iná, mo ya àwọn èèyàn sínú rẹ̀ tí wọ́n lanu. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe.

Ìyá ọ̀kan nínú wọn ń dín àkàrà ní Sábó. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò sún mọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ láàárọ̀ tí iná bá ti ń jó. Ọ̀ọ́kán ló máa ń dúró sí, á máa ké pé "Mọ́mì, jáde kúrò níbẹ̀." Ìyá náà ò mọ ìdí. Èmi ló yẹ kí n sọ fún un, ó sì gba ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ní ìgboyà.

Àgùntàn tó sọnù ni mo ń kọ́ wọn báyìí. Ọmọ kan á sá pamọ́, gbogbo wa á wá a kiri ọgbà, ẹni tó bá rí i á gbé e pọ̀n. Wọ́n ń jà pé àwọn ló kàn láti sọnù.

Ará Ìkẹ́nnẹ́

Ìlú wa ni Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, lẹ́yìn tó fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé Molusi College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fi ìsìn kankan sínú ètò ilé-ìwé náà. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọkàn mi sì ń sọ pé ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà náà nìyẹn: ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí. Kí tíṣà kọ́ ọmọ ní ìṣírò.

Tíṣà praimárì kẹta, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti ka ti Bàbá Ìpẹru lẹ́ẹ̀mẹta.

Ará Ìkẹ́nnẹ́, mo gbọ́ yín, n kò sì fojú di ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ò ní dúró de ilé kó tó béèrè. Ìyá àgbà ọmọbìnrin kan kú láàárín táàmù, wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, àárín ìṣírò gan-an, ó nawọ́ sókè, ó bi mí ibi tí ìyá àgbà lọ. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mi ò lè ní kó lọ béèrè nílé, torí ẹkún ni wọ́n ń sun nílé. Mo ní Ọlọ́run tó fún wa ní ìyá àgbà kò gbàgbé rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní "Àmín", a sì padà sí ìṣírò.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo ti jí ọgbọ́n tíṣà yẹn lò. Mo ti kọ lẹ́tà kékeré mẹ́tàdínlógójì, mo fi ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ, pé ìtàn báyìí báyìí ló ń bọ̀, kí wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá bíríkìlà náà pẹ̀lú, ó sì fèsì. Ó ní òun á bá áàfáà sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ẹ bi mí léèrè àgbò ní inbọ́ọ̀sì. Kò kú o. Lẹ́yìn Iléyá, ọmọ náà gbé ẹran wá fún mi nínú kúlà kékeré, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ma, ó pé ọjọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Ábúráhámù tún kàn, fún àwọn ọmọ tuntun. Mo ti gé àgbò láti ara páálí, mo lẹ òwú mọ́ ọn lára. Òun ni màá kọ́kọ́ gbé jáde, kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màá so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi níwájú, níbi tí àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn pàápàá á ti máa rí i.