Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀: wíwọ ẹgbẹ́ ìjíròrò ní Abẹ́òkúta

Ará Ọbáńtokò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ ìjíròrò ni mo ń wá, ibi tí wọ́n ti ń fi làákàyè tú ọ̀rọ̀ wò. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìjọ, ti òṣèlú tàbí ti èésú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú irú ẹ̀, kí ni kí èèyàn yẹ̀ wò kó tó wọlé, kí ni kó sì mú dání?

Ará Àdàtán
Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó wo ìpàdé kan. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ sá fún un. Ọjà ni wọ́n fẹ́ tà.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ máa fi aago wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ká ní ìpàdé jẹ́ ìṣẹ́jú 120, tí èèyàn sì jẹ́ 10. Bí a bá yọ ìṣẹ́jú 20 fún ìfáárà àti ìkádìí, ìṣẹ́jú 10 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti jẹ 40 níbẹ̀, ìwàásù lẹ wá gbọ́. Ẹ tún tẹ́tí bóyá ẹnikẹ́ni á sọ pé "n ò mọ̀" tàbí "ọ̀rọ̀ yín ti yí mi lọ́kàn padà". Kí wọ́n tó túká, ó yẹ kí wọ́n ti dárúkọ ìbéèrè tó kàn àti ẹni tó máa múra rẹ̀ sílẹ̀.

Èèyàn 6 sí 12 ló dáa jù. Bí wọ́n bá kéré sí 6, ọjọ́ tí ẹni méjì bá lọ òde ìnáwó, ìpàdé ti tú nìyẹn. Bí wọ́n bá ju 12 lọ, ọ̀rọ̀ á pín sọ́nà méjì, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa tẹ fóònù. Ẹgbẹ́ ìjíròrò tí Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé kan, dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní 1727, èèyàn 12 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke rẹ̀. Nígbà táwọn kan fẹ́ mú ọ̀rẹ́ wọn wọlé, ó ní kí kálukú lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ dípò kí wọ́n fẹ ti àtijọ́.

Aláró Ìtókù
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń gbé ẹgbẹ́ ró. "Àdìrẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá" kì í ṣe ìbéèrè. Gbogbo èèyàn á yìn ín, ìṣẹ́jú 15 ọ̀rọ̀ á ti tán. Ẹ wá bi wọ́n báyìí: "Kí ló dé tí aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tó wá ń di aró níṣojú wa?" Ẹnì kan á ní oòrùn ni. Òmíràn á ní bí omi ṣe ń gbẹ lára ẹ̀ ni. Ó ṣeé dán wò: ẹ gé aṣọ funfun sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ rẹ ẹ́ láró, ẹ sá ọ̀kan sóòrùn, ẹ fi ọ̀kan há abẹ́ òjìji, ẹ fún afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá kẹ́ ẹ sì di ẹ̀kẹta mọ́nú ẹ̀ kíá. Ti òjìji náà á di aró, ti inú ọ̀rá á pẹ́ ní àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é.

Ìgbà yẹn ni ẹni tó mọ iṣẹ́ á wá ṣàlàyé. Ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n mọ roboto, tí wọ́n sì sá gbẹ, omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú omi náà ló ń sọ aró di ohun tó lè yọ́ wọnú òwú. Bí èèyàn bá ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, afẹ́fẹ́ á wọ inú ìkòkò, aró á sì yí padà kó tó kan aṣọ. Kò ní mú aṣọ dáadáa mọ́.

Ìbéèrè tó dáa gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn bíi mẹ́ta tó ṣeé gbà gbọ́, kó sì ní ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. "Nígbà tí Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 tí wọn ò borí, kí ló gbà wá: òkúta Olúmọ, odi ìlú, àbí ìbọn?" Èyí dáa, torí wọ́n tún padà wá ní 1864, wọn ò sì borí. Ẹni tó bá mú ìdáhùn kan wá, kó fi ti 1864 gbè é lẹ́sẹ̀. "Ṣé Ọlọ́run wà?" ní ìpàdé àkọ́kọ́, ìbínú ni wọ́n á bá relé. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí ìwé, kó má ju ìlà méjì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì ni, ẹ là á.

Àgbà Ìbàrà
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì dé ibi tó ń dunni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló ń fọ́ irú ẹgbẹ́ yìí láàárín àwa Yorùbá. Bàbá ẹni ọdún 65 á sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún 24 tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ á kàn máa mi orí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ kíra wọn dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá jókòó tán, ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà gbẹ́yìn. Bí àgbà bá ṣáájú, ta ló tún fẹ́ sọ nǹkan mìíràn? Kí ipò alága máa yí káàkiri lóṣooṣù, kí ẹlòmíràn sì di aago mú.

Kẹ́ ẹ tó ta ko ẹnikẹ́ni, ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ títí òun fúnra ẹ̀ á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni mo wí". Ọ̀pọ̀ ìjà ń parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀?" Ẹ̀rí lẹ bèèrè yẹn, ẹ ò pe bàbá lópùrọ́. Ẹgbẹ́ Franklin tí wọ́n sọ lókè yẹn máa ń bu owó ìtanràn díẹ̀ lé ẹni tó bá ń já ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní koro. Tiwa, kó ra àpò piọ́ wọ́tà kan: 20 ló wà nínú ẹ̀, ó kárí gbogbo wa.

Ará Láfẹ́nwá
Ẹ má fi Sátidé ṣe é, òde ìnáwó á kó yín lọ. Ọjọ́ Àìkú, aago 4 sí 6. Ẹ to àga yí po. Bí wọ́n bá tò ó bíi ti kíláàsì, ẹnì kan ti di olùkọ́ nìyẹn. Ẹ wá yàrá tó ní àjà lábẹ́ páànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tí òjò oṣù kẹfà bá dé, ẹ ò ní gbọ́ra yín. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ilé, ibi tí èéfín ò ti ní wọlé. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lásìkò bó ti wù kẹ́ ẹ kéré mọ. Ẹ dúró de apẹ́lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré, aago 5 di aago ìpàdé.

Ìyá Àké
Ẹ̀yin àti ta ni? Bí olùkọ́ 10 bá jókòó, ohun kan náà ni gbogbo wọn mọ̀. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú ẹ̀ níbí, àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà táwọn ìyá ọlọ́jà wọlé wá kọ́ ìwé kíkà ni àwọn tó kàwé gbọ́ báwọn aláṣẹ ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà àti bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára. Ní 1946 ó di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, ìjà wọn mú kí Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. (N ò ní kẹ́ ẹ lọ lé ọba o!) Àwọn tó wọlé ló yí ìbéèrè padà.

Torí náà, ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín: mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń ta láfún ní Kútọ̀. Ẹ fi Yorùbá ṣe ìpàdé, kẹ́ ẹ yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tó bá ti há. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀, ìyá náà á jókòó bí àlejò, ohun tó mọ̀ á sì bá a padà lọ. Kí owó má pọ̀: iye tí omi àti kùlìkúlì bá jẹ́, ẹ pín in lójú ẹsẹ̀.

Ará Ọbáńtokò
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ti WhatsApp ńkọ́?

Ará Àdàtán
Ìkéde nìkan: ìbéèrè, ọjọ́, ibi ìpàdé. Alága nìkan ni kó máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti jà lé lórí fóònù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò ní sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ ní Ọjọ́ Àìkú. Kò sì sí ohùn níbẹ̀ tó máa jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ fi sọ ọ́.