Èmi tí n kì í mutí, ìdí ọtí ni mo ti ń jẹ ẹran

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ tiyín nípa ọ̀gá tó ń fi dandan rọ ọmọ iṣẹ́ lọ́tí, ẹ kú ìrírí. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. N kò fẹnu kan ọtí rí, mo sì jókòó sídìí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Lọ́dún 1992, taípíìsì ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan n'Ìbàdàn. Tí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọ̀gá á forí lé ilé ọtí kan ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó ra mọ́tò, wọ́n á wọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ẹni tó gba ìgbéga, wọ́n á wọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan kan gbà náà á tẹ̀ lé wọn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ́fíìsì wà. Kí ìwé tó dé iwájú mi pé kí n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí nídìí pẹpẹsúùpù. Obìnrin tó bá débẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́ ni.

NEPA ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni NTA máa ń ṣe Checkmate, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Amaka Igwe kọ, tó bá sì ti kọjá, ó kọjá nìyẹn. Tí wọ́n bá múná lọ, àwọn ọ̀gá tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá á wà lókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń so bátìrì mọ́tò mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú-òun-funfun tó wà nílé wa. Láàárọ̀ Jímọ̀, ọ̀gá á yọjú: "Sisí, ṣé o rí i lánàá?" Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kúkú wá sọ ọ́ ní Mọ́kọ́lá kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Mínírà kan, abọ́ pẹpẹsúùpù kan, owó iṣẹ́ mi nìyẹn. N ó fajú ro bíi Ann Haatrope, obìnrin inú eré náà tó ń darí iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀, n ó rìn bíi Segun Kadiri, ọkùnrin kan nínú eré kan náà. Màdáámù onílé ọtí kì í kó òfìfo ìgò kúrò lórí tábìlì, torí òun ló máa kà gbowó. Tí ìtàn bá dé ìdajì, mo ní láti na ọrùn kí n tó rí ojú ọ̀gá láàárín Gulder àti Star.

Akọ̀wé àgbà kan wà tí kì í yéé ráhùn pé bíà ti bàjẹ́ láti 1988, nígbà tí ìjọba fòfin de bálì, ọkà òkè òkun tí wọ́n fi ń pọn bíà, tí àwọn tó ń pọn ọtí wá gba ọkà bàbà mú. Á ráhùn, á mu ú tán, á béèrè òmíràn. Òun náà ló máa ń sọ pé irọ́ ni eré yẹn, pé obìnrin wo ló lè darí iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó wù mí kí n fèsì, àmọ́ ẹran wà lẹ́nu mi, owó wọn ni wọ́n sì fi rà á.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń mí díẹ̀, mo gbọ́ orúkọ mi láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì Ìgbòho, l'Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Ibi tó dùn jù nínú ìtàn ni mo wà. Mo gbé gíláàsì mi kalẹ̀, mo ní ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí mo bá ṣì wà n'Ìbàdàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí ìwé náà délẹ̀ fún títẹ̀, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ti ẹnì kejì mi ní ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ tó jẹ́ pé ilé ló máa ń sáré lọ dáná tí iṣẹ́ bá ti parí. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, ká sòótọ́.

Ọmọ mi tó wà ní báńkì l'Ékòó ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Kálukú ló ń fi fóònù wo eré tirẹ̀, tí èèyàn bá fẹ́ ròyìn, wọ́n á ní kó má bà á jẹ́ fáwọn. Mo ní níbo wá ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ? Ó ní nínú ímeèlì ni, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.